Ó Bọ́ Lọ́wọ́ Mi, Ó Fọ́: Ta Ni Yóò Sanwó Rẹ̀?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Àbújá, Kàdúná àti Kánò pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń yí ká: ẹ̀rọ bàjẹ́ láìròtẹ́lẹ̀, ẹni tó tà á ní kò kan òun. A ti pa àwọn tó jọra pọ̀, a sì fi ìdáhùn sí wọn nísàlẹ̀.

Ìbéèrè, láti Kubwa: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù tí mo rà kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó fi bọ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ojú rẹ̀ fọ́ yánkanyànkan. Wọ́ọ̀rántì ọdún kan ló wà nínú páálí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e débi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, wọ́n ní àfi kí n ra ojú tuntun. Ilé-iṣẹ́ tó ń pa owó rẹpẹtẹ báyìí, ṣé kò yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Kí wá ni wọ́ọ̀rántì wà fún?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lójú tiwa, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Àléébù tó bá ọjà wá láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́ọ̀rántì ń bò: bátìrì tí kì í dúró, ojú tó ń kú tó ń jí fúnra rẹ̀, ihò ṣájà tí kì í mú iná. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rà á kò sí níbẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo òǹrajà ní Nàìjíríà, kò sọ ohun tó yàtọ̀. Ó ní ọjà gbọ́dọ̀ dára, kó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún, kó sì lò tó bó ṣe yẹ kí irú rẹ̀ lò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá owó yín padà. Fóònù tó já bọ́ kò sí nínú èyí. Ẹni tó bá sì ń rò pé lókè òkun wọ́n ń ṣe é, ọdún méjì tí òfin European Union fún òǹrajà, àléébù ọjà nìkan lòun náà wà fún.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò owó rẹ̀. Ká sọ pé ọgọ́rùn-ún èèyàn ra fóònù kan náà ní 200,000 náírà, tí mẹ́wàá nínú wọn já a lulẹ̀, tí ojú kan sì ń ná ilé-iṣẹ́ ní 60,000. 600,000 náírà nìyẹn, kò sì ní tinú àpò ilé-iṣẹ́ jáde. 6,000 ló máa gorí fóònù kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà tó fi tirẹ̀ pamọ́ sínú àpò aṣọ, tí kò já a lulẹ̀ rí, á wá máa bá ẹni tó ń fi tirẹ̀ gba bọ́ọ̀lù san gbèsè.

Ohun tó yẹ ká bá wọn fà ni ẹni tó ń pe nǹkan ní ìjàǹbá. Ní ọ̀pọ̀ ibi ìtúnṣe, ẹni tó wà nídìí káńtà á yẹ fóònù wò fún ìṣẹ́jú kan, á kọ "physical damage" sórí ìwé, ọ̀rọ̀ parí. Kí ẹ tó gbà fún un, ẹ gbé fóònù náà sábẹ́ iná, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wá ibi tí gbogbo ìlà tó fọ́ ti ya jáde. Bí ibẹ̀ bá wà ní igun, tí irin etí rẹ̀ ha tàbí tó tẹ̀ sínú níbẹ̀ gan-an, ilẹ̀ ló gbá a, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí irin etí rẹ̀ bá dán láìní ojú ọgbẹ́, tí ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti àárín, tí ojú tàbí ẹ̀yìn fóònù sì ti gbé sókè débi pé èékánná lè wọ àárín wọn, bátìrì tó wú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Afẹ́fẹ́ ló ń kóra jọ sínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ooru sì máa ń yá a lọ́wọ́. Ẹni tó ń gbé fóònù sórí dáṣíbọ́ọ̀dù lóṣù kẹta àti ìkẹrin ní Àbújá tàbí Kánò ń wá a ni. Bátìrì náà á máa ti ojú fóònù látinú títí yóò fi sán. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́ọ̀rántì ṣì wà, tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sè é sínú oòrùn, àléébù ilé-iṣẹ́ ni ẹ lè pè é. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má fi í sórí iná mọ́, ẹ má sì fi nǹkan gún un. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ bó ṣe wà.

Ohun kejì ni ìwé. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, ibi tí wọ́n ti rí i, iye tí ohun tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ jẹ́, àti nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, èyí tí ẹ máa rí tí ẹ bá tẹ *#06#. Ìdí rẹ̀ ni pé fóònù tó ti já bọ́ lẹ́ẹ̀kan máa ń di ẹrú wọn: bí etí rẹ̀ bá ha lóṣù kìíní, tí ẹnu tí a fi ń sọ̀rọ̀ sì kú lóṣù kẹta, wọ́n á ní ìṣubú yẹn ló fà á. Ẹ bi wọ́n pé báwo ló ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fi hàn yín, àwáwí ló ń ṣe.

Bí ẹ bá máa fowó yín ra ojú, ẹ béèrè bóyá orijínà ni tàbí èyí tí wọ́n fara wé. Fóònù tó jẹ́ pé abẹ́ ojú ló ti ń ka ìka, tí wọ́n bá fi ojú LCD olówó pọ́ọ́kú rọ́pò ojú OLED tó bá a wá, kì í ka ìka mọ́. Ẹ dán ìyẹn wò níbẹ̀ kí ẹ tó san owó tó kù.

Bí ọ̀rọ̀ bá di wàhálà, ẹni tó tà á fún yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó rìsíìtì, káàdì wọ́ọ̀rántì àti ìwé àyẹ̀wò náà lọ sí ọ́fíìsì FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn òǹrajà, ní Jimmy Carter Street, Asokoro, tàbí kí ẹ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ẹ̀sùn sùn. Ẹjọ́ tí kò ní rìsíìtì kì í lọ jìnnà.

Ìbéèrè, láti Kàdúná: Zobo dà sórí fóònù ọmọ mi. IP68 ló wà lára páálí rẹ̀, àwọn tó tà á fún wa sì ní omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ní báyìí wọ́n ní wọ́ọ̀rántì kò bo omi. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún wa ni?

Ìdáhùn: Ilé-iṣẹ́ kò pa irọ́, àwọn tó tà á ló sọ àsọdùn. IP68 jẹ́ àmì tó ń sọ bí fóònù ṣe lè dènà eruku àti omi tó. 6 tó wà nínú rẹ̀ sọ pé eruku kò lè wọlé. 8 sọ pé ó lè wà nínú omi tó jìn ju mítà kan lọ fún iye àkókò tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá dá. Bó bá jẹ́ 7, mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Fóònù tuntun ni wọ́n fi dán an wò, inú omi tó mọ́ tí kò sì ń ru ni. Zobo ní ṣúgà, ó tún kan. Omi ọṣẹ náà kò dáa fún un. Gọ́ọ̀mù tó dí àwọn etí fóònù á sì máa gbẹ bí ọjọ́ ti ń lọ. Èyí tí wọ́n bá ti tú rí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Síbẹ̀, pé kí wọ́n fi omi polówó ọjà kí wọ́n sì yọ omi kúrò nínú wọ́ọ̀rántì, kò dùn mọ́ wa nínú rárá.

Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé omi wọlé: bébà pélébé kan ló wà nínú fóònù tó máa ń funfun, tí omi bá kàn án, á di pupa. Ti iPhone wà nínú ihò tí ẹ ń ki SIM sí. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù àlòkù, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò kó tó yọ owó.

Bí nǹkan bá dà sí i, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ wáyà ṣájà àti ike ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ fóònù tó ní IP67 tàbí IP68 tí ara rẹ̀ kò sì sán níbì kankan, ẹ fi omi ẹ̀rọ tó mọ́ ṣan ibi tí zobo kàn, kí ṣúgà má baà gbẹ síbẹ̀. Ẹ dorí ihò ṣájà kodò, ẹ rọra máa gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí omi lè ro, kí ẹ wá gbé e síwájú fáànù. Ìmọ̀ràn Apple ni pé ó kéré tán kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fi ṣájà sí i. Bó bá tún kọ̀, ó lè tó ọjọ́ kan kó tó gbẹ tán. Ẹ má tì í bọnú ìrẹsì. Apple fúnra wọn ti kọ ọ́ pé hóró tó fọ́ kéékèèké lè wọ inú rẹ̀, kó sì bà á jẹ́. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun sí i, ẹ má sì sá a sí oòrùn.

Fóònù tí kò ní IP kankan yàtọ̀. Ẹ má fi omi ṣàn án. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bátìrì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọtí isopropyl tó tó 99% fọ bọ́ọ̀dù rẹ̀, títí dé abẹ́ àwọn irin pélébé tó bo ojú rẹ̀. Ohun tó ń ba fóònù jẹ́ gan-an ni iná bátìrì tó ń gba inú omi náà kọjá láàárín ẹsẹ̀ tín-ín-tìn-ìn tó wà lórí bọ́ọ̀dù; ibẹ̀ á dípẹtà, á di àwọ̀ ewé. Ìdí nìyẹn tí fóònù tó "gbẹ" nínú ọyẹ́ tó sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì fi máa ń kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọyẹ́ gbẹ ara rẹ̀, kò dé abẹ́ irin.

Ìbéèrè, láti Gwarinpa: Tẹlifíṣọ̀n 55 inches ni wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá fún mi láti Èkó. Páálí rẹ̀ kò ya, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tàn án, ìlà àti àbàwọ́n dúdú bíi yíǹkì ló bo ìdajì ojú rẹ̀. Ẹni tó tà á ní ó dára kó tó kúrò lọ́wọ́ òun. Awakọ̀ ní páálí lòun gbé, òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ta ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àbàwọ́n bíi yíǹkì yẹn, gíláàsì inú ló ti fọ́, nǹkan ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbé e tọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ, wọn ò ní dá yín lóhùn. Bó bá jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró gbọnrangandan láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kò sí àbàwọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí gíláàsì kò sì sán, ibi tí wọ́n ti so wáyà pẹlẹbẹ mọ́ etí gíláàsì ló sábà máa ń jẹ́. Ìyẹn ni ẹ lè fi wọ́ọ̀rántì jà fún.

Ẹni tí ẹ máa mú dúró lórí ohun tí ẹ jọ sọ kí ẹ tó sanwó. Òfin ọjà títà ti ọdún 1893 tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí òǹtajà bá ti fa ọjà lé akẹ́rù lọ́wọ́ ní orúkọ yín, ó ti fi jíṣẹ́ nìyẹn, àfi tí àdéhùn yín bá yàtọ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ òun ló ṣèlérí pé òun máa gbé e dé ilé yín, ẹrù rẹ̀ ni títí yóò fi dé. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní kó fi fún awakọ̀ tí ẹ mọ̀, ẹ̀yin àti awakọ̀ ni. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ní kí òǹtajà kàn ju ẹrù sọ́kọ̀: ó yẹ kó bá akẹ́rù ṣe àdéhùn tó bójú mu. Bí kò bá sọ fún awakọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ni, ẹ lè dì í mú níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́: "Tìẹ ni títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi, tí yóò sì tan." Ẹ ní kó ya fídíò ibi tó ti tàn án, kí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, kí fóòmù igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú páálí. Ìdúró ni tẹlifíṣọ̀n ń wà nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí àpò gààrí gorí rẹ̀, ó ti parí kí wọ́n tó dé Lọ́kọ́ja. Tó bá dé, ẹ má tíì fọwọ́ síwèé kí ẹ tó tú u. Bí awakọ̀ bá ń kánjú, ẹ kọ "a kò tíì tú u wò" sórí ìwé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ tan kámẹ́rà sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ń gé tépù títí tó fi máa tan, kí fídíò náà má já láàárín.

Ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé inú ilé ni wọ́n ti ń fọ́ ọ. Ẹni méjì ni kó gbé e, kí wọ́n di etí ìsàlẹ̀ mú, kí àtàǹpàkò má kan ojú rẹ̀. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì láti de ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ gbá orí bẹ́ẹ̀dì náà mọ́. Rìmóòtù tó fara pamọ́ sábẹ́ aṣọ ti fọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n ju bí ẹ ti rò lọ. Owó ojú tuntun sábà máa ń súnmọ́ owó tẹlifíṣọ̀n tuntun, ẹ má bà á du ẹ̀mí. Àwọn tó ń túnṣe á ra bọ́ọ̀dù, páwà àti iná ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìbéèrè, láti Nyanya: Iná dé lóru, ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n sì jóná lẹ́ẹ̀kan náà. Fíríìjì kò tíì pé ọdún kan. Ṣé ilé-iṣẹ́ á pààrọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíríìjì kọ́, àwọn tó ń pín iná ni. Iná tó yẹ kó wọ ilé ni 230 volt. Láàárín wáyà iná méjì lórí òpó, 415 ló wà níbẹ̀. Bí wáyà neutral, èyí tí iná ń gbà padà, bá já ní ìdí tìráńsífọ́mà tàbí lórí òpó, àwọn ilé á máa pín 415 yẹn láàárín ara wọn, ilé tí kò tan nǹkan púpọ̀ ló sì máa gba èyí tó pọ̀ jù, 300 sókè. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páwà tẹlifíṣọ̀n: 230 tó wọlé á di nǹkan bí 325 lórí kápásítọ̀ ńlá tó ń tọ́jú iná pamọ́ níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì ṣe kápásítọ̀ náà láti gbà kò ju 400 tàbí 450 lọ. Bí 350 bá wọlé, á di nǹkan bí 495. Á wú, á bẹ́, á sì mú àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí yín ni pé kì í ṣe ilé yín nìkan. Ẹ kọ orúkọ àwọn ará àdúgbò tí nǹkan wọn jóná lákòókò kan náà, ohun tó jóná, àti aago tó ṣẹlẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tú ẹ̀rọ náà wò, kó ya fọ́tò ohun tó bẹ́. AEDC ló ń pín iná ní Àbújá, Niger, Kogi àti Nasarawa. Ní Kánò, KEDCO ni. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà wọn, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Bí wọn ò bá yanjú rẹ̀, ní Àbújá, Forum Office ti NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ló kàn. Ó máa ń pẹ́. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà ẹ̀sùn kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Bó bá jẹ́ ilé yín nìkan ni, tí gílóòbù yàrá kan ń mọ́lẹ̀ rekete tí ti èkejì ń ṣú, neutral inú ilé yín ló tú. Ẹ pa iná láti ìdí mítà, ẹ pe oníná.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé wáyà ẹsítẹ́ńṣọ̀n oníná pupa tó ní "surge" lára lè gbà yín lọ́wọ́ irú èyí. Ohun tó lè dá dúró ni iná tó fò fún ìṣẹ́jú àáyá tín-ín-rín. Iná tó ga tó sì dúró síbẹ̀ á jó òun náà. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀, tí oníná máa so mọ́ ìdí mítà. Kó ṣètò rẹ̀ kó já tí iná bá kọjá 250 tàbí tó bá wá sí ìsàlẹ̀ 180, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dá iná padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, nítorí kọ̀mpírésọ̀ fíríìjì ni: gáàsì inú rẹ̀ nílò àkókò láti rọlẹ̀ kó tó lè tún gbéra.

Ìbéèrè, láti Sábọ́n Gàrì, Kánò: Mo ń yẹ láptọ́ọ̀pù wò ní ṣọ́ọ̀bù, ó yọ̀ bọ́ lórí tábìlì. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ohun tó bá fọ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ó ti rà á. Ṣé kí n san?

Ìdáhùn: Òfin FCCPA dáhùn èyí tààrà: ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ògiri, ẹ kò jẹ gbèsè ọjà tí wọ́n pàtẹ tó bàjẹ́ níbi tí ẹ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, àfi tó bá jẹ́ àìbìkítà tó burú jáì, ìwà jàgídíjàgan tàbí ọ̀ràn. Ohun tó yọ̀ bọ́ kò sí nínú ìwọ̀nyẹn. Ẹ fi sùúrù sọ ọ́ fún wọn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gba fóònù tàbí káàdì yín dúró. Tí ẹ bá ń fi ọwọ́ kan gbá a mú, tí ẹ ń fi èkejì tẹ fóònù, ẹjọ́ yín ti ń rọ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè, láti Lugbe: Ẹni tó ta fóònù fún mi ní bí mo bá fi 15,000 náírà kún owó rẹ̀, wọ́n á tún un ṣe tó bá já bọ́. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ó sinmi lórí ìwé tí wọ́n bá fún yín. Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánigbófò, fún un níwèé àṣẹ. Bó bá jẹ́ ẹnu òǹtajà nìkan ló wà, ẹ fi 15,000 yín ra ike tó nípọn àti gíláàsì ojú, owó á sì kù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tí ẹ máa kọ́kọ́ san látinú àpò yín nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ojú tuntun bá jẹ́ 60,000, tí wọ́n sì ní kí ẹ kọ́kọ́ san 25,000, 35,000 lẹ máa jèrè. Ẹ yọ 15,000 tí ẹ ti san kúrò, ó ku 20,000, ìyẹn tó bá fọ́. Bí kò bá fọ́, 15,000 ti lọ. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n gbà kó fọ́ láàárín ọdún, bóyá omi àti olè wà nínú rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi sùn. Àwọn mìíràn kì í fún yín ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ibi ìtúnṣe wọn ńkọ́? Bó bá jẹ́ Èkó nìkan ló wà, ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀ láti Lugbe lọ, àti ẹni tó ni ín tó bá fọ́ sí i lójú ọ̀nà.